Ojú Tó Ń Wo Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Ohun tí wọ́n fi han Túnráyọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, òun fúnra rẹ̀ ni. Kò mọ́ tó fọ́tò, ó dúdú, ó funfun bíi tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, àmọ́ ìyá tó bí i lọ́mọ kò ní ṣì í mọ̀. Ó wọ bùbá ilé rẹ̀ olódòdó. Ó ń ti yàrá Mama jáde bọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpótí igi kékeré tí góòlù Mama máa ń wà nínú rẹ̀. Nísàlẹ̀ àwòrán náà, kọ̀ǹpútà ti kọ ọjọ́ àti aago sí i: Ọjọ́rú, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

"Ṣé ìwọ kọ́ nìyẹn?" Mama Májẹ́kódùnmí ló béèrè. Wọn ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo.

"Èmi ni, Mọ́mì, àmọ́ kì í ṣe..."

"Ó tó. Mo ti gbọ́ 'èmi ni'."

Ẹnjiníà Olúgbádé, tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mi orí bí ẹni tí àánú ń ṣe. Ó ní, "Kámẹ́rà kì í parọ́, Mama."

Ẹ jẹ́ n sọ bí kámẹ́rà ṣe dé ilé yìí, kí ẹ lè mọ irú pàkúté tí ọmọbìnrin yìí kó sí. Lọ́dún 1999 tí mò ń wí yìí, ẹni tí tẹlifóònù bá ń dún nílé rẹ̀ n'Íbàdàn, ẹni ńlá ni. Ṣùgbọ́n Démiládé, àkọ́bí Mama tó ń gbé ní Houston l'Amẹ́ríkà, kò fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nìkan, ó fẹ́ máa rí ilé. Olè ti ja ilé tó tẹ̀ lé tiwọn ní Olúyọ̀lé, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ mọ́. Ló bá fi kámẹ́rà mẹ́ta ránṣẹ́: ọ̀kan fún géètì, ọ̀kan fún pálọ̀, ọ̀kan fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó lọ sí yàrá. Ẹnjiníà Olúgbádé, tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Dùgbẹ̀, ló bá wọn kàn án mọ́ ògiri. Ó so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà nínú yàrá ìwé olóògbé Bàbá, ó so kọ̀ǹpútà mọ́ wáyà tẹlifóònù, ó wá fi ọ̀rọ̀ àṣírí kan ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pa. Tí kọ̀ǹpútà bá ti gba orí wáyà yẹn bọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Démiládé á jókòó sí Houston, á tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí náà, pálọ̀ ìyá rẹ̀ á sì yọ sí i lójú, àwòrán kan lẹ́yìn òmíràn. Ohun kan ṣoṣo ló ń bí i nínú: wáyà kan ṣoṣo ló wà nílé. Tó bá ń wò wọ́n, kò lè bá wọn sọ̀rọ̀. Tó bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, kò lè wò wọ́n.

Mama fi í yangàn títí dé ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí wọ́n ń lọ. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn náà ni wọn kò ti lè jókòó ní pálọ̀ ara wọn láìwé gèlè.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni góòlù di àwátì. Ẹ̀gbà ọrùn, yẹtí, ẹ̀gbà ọwọ́, kò ku ẹyọ kan. Abẹ́ ibùsùn Túnráyọ̀ ni wọ́n ti bá àpótí rẹ̀ lófìfo. Ọmọ àbúrò Mama ni Túnráyọ̀. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú ló ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Mama fi àgádágodo ti géètì, wọ́n so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró wọn, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ jáde, ọ̀dọ̀ àwọn ni kó ti gba ọ̀nà. Sátidé nìyí, Túnráyọ̀ kò tíì fojú kan títì.

Irin wà lójú fèrèsé. Kámẹ́rà wà lókè, iná pupa kékeré ara rẹ̀ ń tàn, èyí tó túmọ̀ sí pé Bùrọ̀dá Démiládé wà níbẹ̀ tó ń wò. Tí Túnráyọ̀ bá sunkún, wọ́n á ní ọkàn rẹ̀ ló ń dá a lẹ́bi. Tí kò bá sunkún, wọ́n á ní ojú rẹ̀ ti le. Kò mọ ojú tí ì bá ṣe. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló yẹ kó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹni tí ọlọ́pàá bá sì ti tì mọ́lé nítorí olè, ta ló máa fi aláìsàn lé e lọ́wọ́? Mọ́tò ọlọ́pàá ti wọ inú ọgbà báyìí, Mama sì ti tún géètì tì. Òun ni wọ́n gbé e wá fún, ó sì mọ̀.

Íńsípẹ́kítọ̀ Kòfowórọlá Ayẹni tó ti inú mọ́tò náà wọlé jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni wá kí ẹbí. Ó mú gúgúrú àti ẹ̀pà dání nínú ìwé ìròyìn. Mama wo gúgúrú náà, wọ́n wo ẹlẹ́gúgúrú, wọ́n sì gbà pé wọ́n ti rán ẹni tí kò mọṣẹ́ sí àwọn.

"Ọkọ mi, jókòó," ó wí fún Túnráyọ̀ ní pálọ̀. "Ọjọ́rú, aago mẹ́rin. Níbo lo wà?"

"Ilé ìdáná, mà. Mò ń gbọ́n omi. Òjò ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé."

"Ta ló rí ọ?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà. Kò sí kámẹ́rà nílé ìdáná."

Íńsípẹ́kítọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ibi tí èèyàn ti ń ṣiṣẹ́ gan-an, wọn ò kan kámẹ́rà síbẹ̀. Mama, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Orí àga yìí ni mo wà, mò ń tòògbé. Oorun òjò ni."

"Lọ́jọ́bọ̀, ọkọ mi, mo gbọ́ pé o jáde."

"Mo lọ sọ́jà, mà."

"Ọjà wo?"

Kò rí ọjà kankan dárúkọ. Gbogbo ọjà Ìbàdàn ló fò lọ lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Má fi irọ́ kékeré ra ẹ̀wọ̀n ńlá o," ni Íńsípẹ́kítọ̀ wí, ó ń bó ẹ̀pà.

"Gáréèjì Challenge ni mo lọ, mà. Mo fi ẹrù kan rán dẹ́rẹ́bà tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó."

"Ẹ ò wá rí i," ni Mama wí. "Góòlù mi ti dé Ìjẹ̀bú."

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni, Mọ́mì. Ti ìyá mi ni. Láti ọjọ́ ìsìnkú bàbá mi lẹ ti ní kí n má dárúkọ wọn nínú ilé yìí mọ́. Ìyẹn ni mo ṣe ní ọjà ni mo lọ."

Ọ̀rọ̀ Mama àti ìyàwó àbúrò wọn yẹn, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án.

Wọ́n pe Bàbá Ẹnìtàn wọlé, ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Arúgbó náà ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé, kò sì fi pa mọ́.

"Mo tú ẹrù náà," ó wí. "Oògùn àti sálúbàtà kan. Mo tún un dì padà."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi tú u?"

"Àṣẹ Mama ni. Látìgbà tí wọ́n ti ja aládùúgbò wa lólè, ẹnikẹ́ni tó bá ń jáde, mo gbọ́dọ̀ tú ẹrù rẹ̀. Mo tú ti pásítọ̀ rí."

"Ẹnjiníà ńkọ́?"

"Mo tú báàgì tiwọn náà lọ́jọ́bọ̀. Wáyà ló wà nínú rẹ̀ àti sukudiráfà."

Íńsípẹ́kítọ̀ ju ẹ̀pà kan sẹ́nu. "Nígbà náà, góòlù kò gba géètì jáde. Bàbá, ẹ ti dín wàhálà mi kù."

Túnráyọ̀ mí díẹ̀. Àmọ́ ìmí náà kò dé ìsàlẹ̀, torí bí góòlù kò bá jáde, a jẹ́ pé inú ilé ló wà, inú ilé náà sì ni òun wà. Àwòrán yẹn ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà, ojú òun ló sì wà nínú rẹ̀.

Yàrá ìwé Bàbá ni wọ́n padà sí. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí jígí ńlá ayé Bàbá wà lára ògiri ìparí rẹ̀. Íńsípẹ́kítọ̀ fi ìdí lé etí tábìlì.

"Ẹnjiníà, ta ló mọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń ti ìta wọ inú kọ̀ǹpútà yìí?"

"Bùrọ̀dá Démiládé, àti èmi. Tó bá bà jẹ́, mo gbọ́dọ̀ lè wọlé tún un ṣe."

"Ìyẹn ni pé ẹ lè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yín ní Dùgbẹ̀, kẹ́ ẹ máa wo ilé yìí?"

"Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mà. Kí n lè mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́."

Mama yíjú sí i. Ọwọ́ wọn lọ sórí gèlè. "Ìwọ náà ń wò mí?"

"Iṣẹ́ ni, Mama."

"Lọ́jọ́rú tí à ń sọ yìí ńkọ́?" ni Íńsípẹ́kítọ̀ béèrè.

"Mi ò sí n'Íbàdàn, mà. Ìdájí ni mo ti lọ sí Èkó lọ ra ọjà, mo sì sùn síbẹ̀. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbà mí sílé. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo dé, tí mo yà síbí láti tún kámẹ́rà ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe." Ó sọ ọ́ geerege bí ọmọdé tó ń ka akọ́sórí. "Mà, ẹ jẹ́ n tètè gbé kọ̀ǹpútà yìí lọ sí Dùgbẹ̀. Ẹ̀rí ni. Tí NEPA bá fi iná ṣeré báyìí, gbogbo rẹ̀ á parẹ́."

"Ẹ ó gbé e. Ẹ fara balẹ̀." Ó yí sí Túnráyọ̀. "Ọkọ mi, ṣé o ti gbé àpótí yìí rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Sátidé tó kọjá. Mọ́mì fẹ́ lọ ya fọ́tò, wọ́n ní kí n gbé e wá sí pálọ̀ kí wọ́n lè yan èyí tí wọ́n máa wọ̀."

"Òótọ́ ni," ni Mama wí. Ó dà bíi pé ó dùn wọ́n láti sọ ọ́.

"Ẹnjiníà, ẹ fi ti Sátidé yẹn hàn wá."

Olúgbádé tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. "Kò sí níbẹ̀, mà. Ó dà bíi pé kò síná lọ́jọ́ náà."

"Iná wà," ni Mama wí. "Mo lọ aṣọ tí mo fi ya fọ́tò."

"Bóyá kọ̀ǹpútà ló gbàgbé, Mama. Àmọ́ pé ó gbé e ní Sátidé kò ní kó má gbé e lọ́jọ́rú. Ọjọ́rú lẹ̀ ń wò yìí."

Íńsípẹ́kítọ̀ wo àwòrán náà títí, ó ká ìwé ìròyìn mọ́ gúgúrú tó kù, ó sì dìde.

"Ọkọ mi," ó wí jẹ́jẹ́, "lọ mú bàtà rẹ."

Túnráyọ̀ di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó rò ó pé báyìí ni ayé èèyàn ṣe ń bà jẹ́, lọ́sàn-án gangan, lójú àwọn tó ń jẹ gúgúrú. Níwájú, ọlọ́pàá ń dúró. Lókè orí rẹ̀, iná pupa ń tàn, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ jókòó sí Amẹ́ríkà, ó ń wò ó bí wọ́n ṣe ń mú un. Ó fẹ́ gbójú sókè kó sọ pé, Bùrọ̀dá, ẹ mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ń ríran ni, kò ní etí.

Ìgbà yẹn ni àrá kù láti ọ̀nà jíjìn.

Mama fa ìborùn wọn yọ ní èjìká, wọ́n gba àárín gbogbo wọn kọjá lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n na aṣọ náà bo jígí Bàbá látòkè délẹ̀, wọ́n sì so etí rẹ̀ mọ́ ìṣó lọ́tùn-ún lósì.

Íńsípẹ́kítọ̀ dúró. "Mama, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Àrá ń kù. Ṣé wọn kì í bo jígí nílé tiyín ni?"

"Wọ́n ń bò ó. Ìyá mi kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan ṣíbí pàápàá. Ta ló máa ń bo tilé yìí?"

"Èmi. N kì í rán ẹnikẹ́ni. Ojú mi báyìí ni àrá ṣe fọ́ jígí wa l'Ógbòmọ̀ṣọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Kọ̀ǹpútà yìí nìkan ni Démiládé ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ǹ bá máa bo òun náà."

"Òjò Ọjọ́rú ńkọ́?"

"Èyí tó ya wọ ilé ìdáná? Lọ́jọ́ tí àrá fẹ́rẹ̀ẹ́ la ilé? Ọ̀sán ni mo ti bo jígí. Mi ò ká aṣọ kúrò títí a fi ṣe àdúrà òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀."

"Ó dá yín lójú?"

"Ọmọ yìí, ìwọ lò ń bi mí bóyá mo bo jígí mi?"

Íńsípẹ́kítọ̀ rọra padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó sì fi ìka tó kún fún iyọ̀ ẹ̀pà tọ́ka. Túnráyọ̀ na ọrùn. Ó rí ara rẹ̀, ó rí àpótí. Lẹ́yìn rẹ̀, lára ògiri ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, jígí Bàbá wà níhòòhò, ó ń dán, oòrùn ojú fèrèsé sì ń tàn nínú rẹ̀.

"Ọjọ́rú, aago mẹ́rin," ni Íńsípẹ́kítọ̀ wí. "Òjò ń ya lọ́wọ́, àrá ń sán, Mama ti bo jígí. Oòrùn wo wá lèyí?"

"Aṣọ lè jábọ́, mà," ni Olúgbádé wí.

"Aṣọ mi kì í jábọ́," ni Mama wí. "Mò ń so ó."

"Tí aṣọ bá tiẹ̀ jábọ́, ṣé oòrùn náà jábọ́ látọ̀run ni?" Íńsípẹ́kítọ̀ jókòó, ó tún ṣí gúgúrú rẹ̀. "Àwòrán Sátidé lèyí, Ẹnjiníà. Ẹ jókòó sí Dùgbẹ̀, ẹ rí i bí ọmọ yìí ṣe gbé àpótí, ẹ wá mọ ibi tí góòlù ń gbé. Ẹ pa ọjọ́ Sátidé rẹ́ nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ kọ Ọjọ́rú sí i, torí Ọjọ́rú lẹ ní ẹlẹ́rìí ní Èkó. Ọgbọ́n ni. Ibi tẹ́ ẹ ti gbọ́n náà ló bà á jẹ́. Ẹni tó bá sùn n'Íbàdàn lọ́jọ́rú kò ní gbàgbé òjò yẹn, kò sì ní mú àwòrán olóòrùn fún un. Ẹ̀yin ò mọ̀ pé òjò rọ̀."

"Mama wà nílé nígbà tí mo wá lọ́jọ́bọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wọ yàrá wọn?"

Mama ló dá a lóhùn, wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ náà yọ díẹ̀díẹ̀. "O ní kí n lọ di tẹlifóònù mú ní pálọ̀. O ní mi ò gbọdọ̀ gbé e sílẹ̀ títí wàá fi pè mí. Mo dì í mú títí apá fi ń ro mí. Túnráyọ̀ sì wà ní Challenge, yàrá tirẹ̀ náà ṣófo."

"Ẹ tú báàgì mi," ni Olúgbádé wí. "Bàbá géètì tú u. Kí ni wọ́n rí?"

"Wọn ò rí nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí góòlù fi wà nílé, tẹ́ ẹ sì fi ń bẹ̀ mí láti ẹ̀ẹ̀kan kí n jẹ́ kẹ́ ẹ gbé ẹ̀rí lọ sí Dùgbẹ̀. Ta ló máa tú ẹ̀rí ọlọ́pàá wò lẹ́nu géètì?" Íńsípẹ́kítọ̀ na ọwọ́. "Ẹ mú sukudiráfà yín. Ẹ ṣí ikùn kọ̀ǹpútà yìí fún mi."

Olúgbádé mú un, àmọ́ nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ tó tú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó kàn gbé sukudiráfà sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bojú. Íńsípẹ́kítọ̀ ló tú ìyókù. Nínú ibẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn wáyà, ọ̀rá dúdú kan wà tí wọ́n fi téèpù lẹ̀ mọ́ ara irin. Nígbà tó já a, ẹ̀gbà ọrùn Mama ló kọ́kọ́ yọ.

"Ọjọ́ gbogbo ni tolè," ni Bàbá Ẹnìtàn wí lójú fèrèsé. Kò parí òwe náà. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìyókù.

Nígbà tí ọlọ́pàá mú Olúgbádé jáde lọ sínú mọ́tò, Mama jókòó sí pálọ̀, góòlù wà lórí itan wọn, wọn ò sì wò ó. Wọ́n ń wo ilẹ̀.

"Túnráyọ̀, mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú."

Ó ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn láti àná. Nígbà tó dé tán, ó rí i pé kì í ṣe òun ló ń fẹ́ jù.

"Mo ti gbọ́, Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ géètì."

"Níbo lò ń lọ? Òjò ń bọ̀."

"Mo fẹ́ lọ kí ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ibẹ̀ ni màá ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Ọjọ́ Ajé."

Ó dárúkọ ìyá rẹ̀ nínú ilé náà, ògiri kò sì wó. Mama tú etí ìró wọn, wọ́n sì gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

"Challenge lọ̀nà wa," ni Íńsípẹ́kítọ̀ wí láti ẹnu ọ̀nà, ó ń wá bàtà rẹ̀. "Màá sọ ọ́ sí gáréèjì. Iwájú lo máa jókòó o. Ẹ̀yìn ti ní èèyàn."

Túnráyọ̀ ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká nígbà tí iná pupa ara kámẹ́rà kú. Tẹlifóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mama gbé e, wọ́n gbọ́, wọ́n ní "Bẹ́ẹ̀ ni, Démiládé, o rí i," wọ́n sì na ẹnu tẹlifóònù náà sí i.

"Bùrọ̀dá rẹ ni. Ó ní òun fẹ́ bẹ̀ ọ́."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mi ò sí nílé, Mọ́mì."

Ó jáde. Ohùn Démiládé ṣì ń tọrọ àforíjì nínú tẹlifóònù lọ́wọ́ Mama, wáyà kan ṣoṣo tó wà nílé náà sì kún fún un. Túnráyọ̀ ṣí àgádágodo, ó gba abẹ́ kámẹ́rà géètì kọjá, kò sì sí ojú kankan tó rí i.